Ṣé ó yẹ kí ààfáà dárúkọ ọmọ tó ń ta tẹ́tẹ́ lórí sípíkà mọ́ṣáláṣí?

ÌyáÌbejì_Mọ́níyà:
Àsàláámù àlékúmù ẹ̀yin ará wa n'Íbàdàn àti níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéú jù mí lọ ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin tẹ́ ò kéú náà ẹ sọ tẹnu yín. Láìpẹ́ yìí, lọ́jọ́ jímọ̀, ààfáà tó wá ṣe wàásí ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ń sọ̀rọ̀ lórí tẹ́tẹ́, wàásí yẹn dùn ún gbọ́, òótọ́ sì ni gbogbo ẹ̀, àfi ìgbà tó dárúkọ ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn, ó ní kó dìde kí jàmáà rí i, ó ní irú wọn ló ń ba àdúgbò jẹ́. Sípíkà tó kọjú sí títì ni o, àwọn tó ń ra àkàrà níta gan-an gbọ́ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Kò dìde, ó dorí kodò títí wọ́n fi kírun tán, ó mú bàtà ẹ̀ ó lọ. Àtìgbà náà a ò rí i mọ́, kì í ṣe jímọ̀ nìkan, àní àsùbáà tó jẹ́ pé òun ló máa ń pọnmi sínú búútà àwọn bàbá àgbà kí wọ́n tó dé. Pé ó ń ta tẹ́tẹ́, èmi náà mọ̀, kì í ṣe àhesọ. Ìbéèrè mi ni pé ṣé bí ẹ̀sìn wa ṣe ní ká ṣe sẹ́ni tí Ṣàítáánì ń bá jà nìyẹn?

Alájọ_Dùgbẹ̀:
Wàálékúmù sàlámù ìyá wa. Ẹ má bínú sí mi, èmi ò rí nǹkan tí ààfáà ṣe tó burú níbẹ̀. Súúrà Máídà ẹsẹ̀ 90, Ọlọ́hun ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí àti òrìṣà, ó ní ẹ̀gbin ni, iṣẹ́ Ṣàítáánì ni, ká jìnnà sí i. Ànọ́bì sì sọ pé ẹni tó bá rí ohun burúkú kó fọwọ́ ẹ̀ yí i padà, bí ò bá lágbára ẹ̀ kó fẹnu sọ, bí ò bá lè ṣèyẹn kó kọ̀ ọ́ lọ́kàn, ìyẹn ló sì kéré jù nínú ìgbàgbọ́. Ààfáà ti fẹnu sọ, kí ló tún kù? Iṣẹ́ àjọ ni mò ń ṣe, àárọ̀ dalẹ́ ni mò ń rìn láti Dùgbẹ̀ dé Ògùnpa, mo mọ ohun tí tẹ́tẹ́ ń ṣe fún èèyàn. Ọkùnrin kan ń dá àjọ lọ́dọ̀ mi torí ìbímọ ìyàwó ẹ̀, ó gba owó láàárọ̀, mo kà á sí i lọ́wọ́, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti fi gbogbo ẹ̀ ta ajá tó ń sáré nínú tẹlifíṣọ̀n, ajá tí kì í ṣe ajá gidi o, kọ̀ǹpútà ló yà á. Bàbá ìyàwó ló ta ewúrẹ́ kí wọ́n tó rówó san lọ́sibítù. Tẹ́ ẹ bá rí ojú obìnrin yẹn ẹ ò ní bẹ̀bẹ̀ fẹ́nì kankan. Bójú bá ti ẹnì kan, kó tì í, àwọn tó kù á fi kọ́gbọ́n.

Táyà_ÌwóRóòdù:
Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ká ní wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ń ṣe nǹkan tí ò dáa dìde lọ́jọ́ yẹn, ta ló máa kù ní ìjókòó, títí kan sáàfù iwájú?

Ọ̀gáKéú_Òjé:
Bísímílááhì. Alájọ, mo gbọ́ yín, ohun tẹ́ ẹ rí yẹn ò kéré, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ sọ pé tẹ́tẹ́ dáa torí pé àánú ń ṣe wá. Ṣùgbọ́n ẹ ò kà á dé ẹsẹ̀ 91, ẹ dúró sí 90. Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló sọ nǹkan tí Ṣàítáánì fẹ́ fi ọtí àti tẹ́tẹ́ ṣe gan-an, ó fẹ́ fi dá ọ̀tá àti ìkórìíra sílẹ̀ láàárín yín, ó sì fẹ́ fi ṣẹ́rí yín kúrò níbi ìrántí Ọlọ́hun àti ìrun. Ẹ wá wo ọmọ tí ìyá sọ yìí. Ó ń ta tẹ́tẹ́, síbẹ̀ ó ń jí kírun àsùbáà, ó ń pọnmi fáwọn àgbà, Ṣàítáánì ò tíì rí i ṣẹ́rí. Ọjọ́ tí wọ́n dárúkọ ẹ̀ lórí máìkì ló fi jàmáà sílẹ̀, tí ìkórìíra sì wọ àárín òun àtàwa. Kí tẹ́tẹ́ tó rí iṣẹ́ yẹn ṣe, àwa ti bá a ṣe é tán.

Ẹ jẹ́ n sọ hádíìsì kan, ìyẹn ìtàn ohun tí Ànọ́bì sọ tàbí tó ṣe, ó wà nínú ìwé Musnad Imam Ahmad, Abu Umamah tó jẹ́ sàábé Ànọ́bì ló gbà á wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé tọ Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ó ní ìwọ òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, yọ̀ǹda fún mi kí n máa ṣe sìná, ìyẹn àgbèrè. Ẹ gbọ́ nǹkan tó bèèrè o, lójú gbogbo èèyàn, lọ́wọ́ Ànọ́bì fúnra ẹ̀! Àwọn tó wà ní ìjókòó jágbe mọ́ ọn, wọ́n ní kó panu mọ́. Ànọ́bì ní kó sún mọ́ òun, ó sún mọ́ ọn dáadáa, ó jókòó. Ànọ́bì bi í pé ṣé wàá fẹ́ ẹ fún ìyá ẹ? Ó ní rárá o, kí Ọlọ́hun fi mí ṣe ìràpadà fún ọ. Ànọ́bì ní bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn náà ò fẹ́ ẹ fún ìyá wọn. Ó tún bi í nípa ọmọ ẹ̀ obìnrin, ó bi í nípa ọmọ ìyá ẹ̀ obìnrin, ó bi í nípa àwọn ọmọ ìyá bàbá ẹ̀ àtàwọn ọmọ ìyá ìyá ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò kánjú, ọmọ náà ń dáhùn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́wọ́ lé e, ó ní Ọlọ́hun forí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ jìn ín, fọ ọkàn ẹ̀ mọ́, sì bá a ṣọ́ abẹ́ ẹ̀. Abu Umamah ní lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ọmọ náà ò tún bojú wo irú ẹ̀ mọ́.

Kò sọ fún un pé sìná ò burú. Ó jẹ́ kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé ó burú. Àwọn tó jágbe mọ́ ọn náà mọ̀ pé harámù ni, ìmọ̀ ò sì yọ wọ́n sílẹ̀, àmọ́ ká ní tiwọn ló ṣẹ, ọmọ yẹn ì bá ti jáde lọ pẹ̀lú ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú, ì bá lọ ṣe é.

Alájọ_Dùgbẹ̀:
Ààfáà, ẹ ṣé, mo mọ hádíìsì yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn wá bèèrè kó tó ṣe é ni. Tiwa yìí ti ń ṣe é, ọ̀sán gangan ló ń wọ ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́. Ànọ́bì kan náà sọ pé gbogbo ìjọ òun lọ́ràn wọn á ní àforíjìn àfi àwọn tó ń ṣe tiwọn ní gbangba. Ẹni tó bá gbé tiẹ̀ síta, ṣé ó yẹ ká tún máa bò ó?

Ọ̀gáKéú_Òjé:
Ẹ ka hádíìsì yẹn dópin. Inú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim ló wà, Ànọ́bì sì ṣàlàyé ẹni tó ń bá wí níbẹ̀: ẹni tó ṣe nǹkan lóru, Ọlọ́hun bò ó láṣìírí, ilẹ̀ mọ́ ló bá ń sọ fáwọn èèyàn pé lágbájá, mo ṣe báyìí báyìí lálẹ́ àná, tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ ká aṣọ tí Ọlọ́hun fi bò ó kúrò. Ìyẹn ń yangàn. Èyí tó dorí kodò nínú mọ́ṣáláṣí kò yangàn o, ojú ń tì í. Ojú tó ń tì í yẹn, ìgbàgbọ́ ni, ohun tó kù tá a lè fi fà á padà náà sì nìyẹn, ká má lọ fi máìkì bà á jẹ́.

Ẹni tó tiẹ̀ ti ṣe é tán ńkọ́? Ọkùnrin kan láyé Ànọ́bì tó ń jẹ́ Ma'iz wá bá Ànọ́bì fúnra ẹ̀, ó ní òun ti ṣe sìná, kí wọ́n fọ òun mọ́. Ànọ́bì yíjú kúrò. Ó tún gba ẹ̀gbẹ́ kejì wá, ó tún yíjú kúrò, léraléra, ó ń bi í pé bóyá ṣe lo kàn fẹnu kò ó lẹ́nu, bóyá o kàn wò ó ni. Ó ń wá ọ̀nà tọ́rọ̀ yẹn á fi yẹ̀ lórí ẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hazzal ló ní kí Ma'iz wá jẹ́wọ́, Ànọ́bì sì sọ fún un pé ká ní aṣọ ẹ lo fi bò ó ni, ì bá sàn fún ọ. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó jẹ́wọ́ ni Ànọ́bì ń yíjú kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, níbo la ti rí i pé ká pe ẹni tí ò jẹ́wọ́ dìde?

ÌyáÀṣàlátù_Challenge:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n fi tàwa obìnrin kún un. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá jọ ṣẹ̀, obìnrin là ń rí torí ikùn ò ṣeé fi pamọ́. Mo mọ ẹgbẹ́ àṣàlátù kan, ẹgbẹ́ àdúrà àwa Mùsùlùmí, tó ní kí ọmọbìnrin kan má wá mọ́ nígbà tó lóyún láìsí yìgì, ọ̀dọ́kùnrin tó ni oyún yẹn ń bẹ nínú mọ́ṣáláṣí kan náà, ó ń to bàtà àwọn àgbà, wọ́n ń ṣàdúrà fún un. Ó dùn mí dọ́kàn. Nínú hádíìsì Muslim, obìnrin kan láti ìdílé Ghamid wá bá Ànọ́bì pẹ̀lú oyún sìná, ó ní kó padà lọ títí á fi bímọ, ó bímọ tán ó ní kó lọ fún un lọ́mú títí á fi gbà á lẹ́nu ọmú. Ọdún mélòó nìyẹn?  Ìgbà tí ìjìyà ẹ̀ dé tí Khalid bú u, Ànọ́bì ní rọra, Khalid, ó ti túúbá ìtúúbá tó jẹ́ pé tí agbowó-orí tó ń rẹ́ èèyàn jẹ bá túúbá irú ẹ̀, a ó forí jìn ín. Ó sì kírun òkú sí i lára. Ẹ̀yin ìyá àṣàlátù tẹ́ ẹ bá wà níbí, ọmọbìnrin tẹ́ ẹ lé yẹn, ibo lẹ fẹ́ kó gbé oyún ẹ̀ lọ kírun?

Táyà_ÌwóRóòdù:
Ìyá, ẹ sọ̀rọ̀!

POS_Apẹ̀tẹ̀:
Mi ò lè lo orúkọ mi, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí n dá sí i. Iléèwé ni mo wà, mo ń fi POS jẹun l'Apẹ̀tẹ̀. Àwọn tá a jọ ń gbé ń ṣe yahoo, gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ló mọ̀. Èmi ò ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n kàn jẹ́ kówó máa gba akaúǹtì mi kọjá, wọ́n á máa yọ tèmi síbẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ẹnì kankan. Mo ti ní rárá, mo ti tún ní rárá. Alẹ́ ló máa ń le, tí mo bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí mo ka èrè òòjọ́ tí ò tó owó oúnjẹ, tí wọ́n wá ń jẹ ṣawámà nínú yàrá tí wọ́n ń bù fún mi. Mi ò ní purọ́, ọkàn mi ń fà á. Mo fẹ́ bi ààfáà mọ́ṣáláṣí wa léèrè pé kí ni kí n ṣe sí ọkàn tó ń fà yìí, àmọ́ tí mo bá fi la ẹnu, ọmọ yahoo ni wọ́n á máa pè mí títí mo fi máa jáde iléèwé. Ẹ̀yin náà rí nǹkan tójú ọmọ Mọ́níyà yẹn rí. Ṣé fífà tọ́kàn mi ń fà yẹn gan-an ti di ẹ̀ṣẹ̀ sí mi lọ́rùn?

Ọ̀gáKéú_Òjé:
Àbúrò mi, kí Ọlọ́hun tì ọ́ lẹ́yìn. Kò tíì di ẹ̀ṣẹ̀. Ànọ́bì sọ pé Ọlọ́hun mójú kúrò fún ìjọ òun níbi ohun tọ́kàn wọn bá ń sọ fún wọn, níwọ̀n ìgbà tí wọn ò bá tíì ṣe é tí wọn ò sì tíì sọ ọ́ jáde. Ó tún sọ pé ẹni tó bá gbèrò ohun burúkú tó wá fi í sílẹ̀, Ọlọ́hun á kọ láádá kan tó pé sílẹ̀ fún un. Nítorí náà gbogbo alẹ́ tó o ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ẹ tó o ní rárá nítorí Ọlọ́hun, láádá ló ń wọlé fún ọ.

Má sì rò pé torí pé ọkàn ẹ ń fà lo fi burú. Ànọ́bì Yusuf, ẹni tí Ọlọ́hun fúnra ẹ̀ ń ṣọ́, ẹ wo nǹkan tó sọ nínú súúrà ẹ̀, ẹsẹ̀ 33. Ó ní Olúwa mi, ọgbà ẹ̀wọ̀n wù mí ju ohun tí wọ́n ń pè mí sí lọ, tí O ò bá sì yí ète wọn kúrò lórí mi, màá tẹ̀ sí wọn, màá sì di ara àwọn aláìmọ̀kan. Ànọ́bì Ọlọ́hun ló sọ bẹ́ẹ̀! Kò ní agbára òun tó o. Ó sá tọ Ọlọ́hun lọ, ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e sì sọ pé Olúwa ẹ̀ jẹ́ ẹ lóhùn. Máa fi àdúrà yẹn sùn. Tó bá ṣeé ṣe, kúrò nínú yàrá yẹn, wá àwọn ọmọ MSSN, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, iléèwé yín, bóyá yàrá ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, torí èèyàn ò lè máa gbé pẹ̀lú nǹkan kan látàárọ̀ dalẹ́ kó má rẹ̀ ẹ́.

Alájọ_Dùgbẹ̀:
Ọmọ mi, gbọ́ tèmi náà, mo ti ń bá owó ṣiṣẹ́ ó ti pẹ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi akaúǹtì ẹ gba kọ́bọ̀. BVN ló so gbogbo akaúǹtì ẹ pọ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá tọpa owó yẹn, orúkọ tìẹ ni wọ́n á bá níbẹ̀, àwọn tó ń jẹ ṣawámà á ti sá lọ. Báńkì á ti gbogbo ẹ̀ pa, owó kọ́sítọ́mà ẹ á há síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ẹ parí nìyẹn. Tówó oúnjẹ bá ń bá ọ fínra, gbìyànjú kó o máa ta káàdì, omi tútù àti bíìkì mọ́ POS yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á rà á. Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ. O ṣe dáadáa bó o ṣe sọ ọ́ jáde.

POS_Apẹ̀tẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni bàbá. Ẹ ṣé ààfáà.

Tẹ́là_Alẹ́ṣinlọ́yẹ́:
Alájọ, ẹ wò ó, bẹ́ ẹ ṣe bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ ká ní wọ́n fi bá ọmọ Mọ́níyà sọ̀rọ̀. Ẹ ò bò ó pé ewu ń bẹ, ẹ sọ ọ́ fún un, ó sì dúpẹ́.

Sayyidina Umar, kàlífà kejì lẹ́yìn Ànọ́bì, tí gbogbo wa mọ̀ pé ó le bí ojú ẹja, ẹ gbọ́ tiẹ̀, ó wà nínú tàfúsírì, ìyẹn ìwé àlàyé Kùránì, ti Ibn Kathir. Ọkùnrin kan láti ilẹ̀ Shámù, agbègbè Síríà, akọni ni, ó máa ń wá kí Umar. Ó di ìgbà kan Umar ò rí i, ó béèrè ẹ̀, wọ́n ní ó ti kó sínú ọtí. Umar ní kí akọ̀wé òun wá, ó ní kó kọ ọ́ pé láti ọ̀dọ̀ Umar sí lágbájá, àlàáfíà fún ọ, mo dúpẹ́ fún Ọlọ́hun tó ń forí ẹ̀ṣẹ̀ jin èèyàn, tó ń gba ìtúúbá, tí ìyà ẹ̀ le, tó ní ọlá. Ìbẹ̀rẹ̀ Súúrà Ghafir nìyẹn. Ó wá ní káwọn tó wà lọ́dọ̀ òun bá a ṣàdúrà kí ọkàn ọkùnrin náà padà sọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ìwé dé ọwọ́ ọkùnrin yẹn, ó ń kà á, ó ń tún un kà, ó ní Ó ti fi ìyà ẹ̀ kìlọ̀ fún mi, Ó sì ti ṣèlérí pé Òun á forí jìn mí, ó bú sẹ́kún, ó fi ọtí sílẹ̀. Nígbà tí Umar gbọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣe tẹ́ ẹ bá rí arákùnrin yín tó yọ̀ ṣubú, ẹ tọ́ ọ sọ́nà, ẹ bá a bẹ Ọlọ́hun, ẹ má di olùrànlọ́wọ́ Ṣàítáánì lé e lórí. Tá a bá ń wá ẹni tó le, ta ló tún le ju Umar lọ? Ó kọ lẹ́tà.

Alájọ_Dùgbẹ̀:
Ó dáa. Ti pé kí wọ́n pe orúkọ ẹ̀ lórí sípíkà, mo gbà pé kò yẹ, wọ́n lè pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò gbà pé ká wá dákẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ wo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí yẹn, ta ló ni ilé, ṣé kì í ṣe alàájì kan náà ló ń gba rẹ́ǹtì lórí ẹ̀? Tí ààfáà bá fẹ́ lo máìkì, ibẹ̀ ni kó kọjú ẹ̀ sí. Ọmọ tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ la rí bú, ẹni tó ń gbowó ilé lórí harámù ló jókòó sí sáàfù iwájú.

Táyà_ÌwóRóòdù:
Háà, Alájọ, ẹ ti fọwọ́ kan egbò. Ìyẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n gbé dé ìpàdé láńlọ́ọ̀dù.

ÌyáÌbejì_Mọ́níyà:
Ẹ ṣeun gbogbo yín, Ọlọ́hun á san yín lẹ́san. Ọ̀rọ̀ onílé yẹn, òótọ́ lẹ sọ, ọkọ mi máa ń lọ ìpàdé láńlọ́ọ̀dù, màá gbé e fún un. Ti ọmọ yìí ló ṣì ń dà mí láàmú. Mo ti lọ bá ìyá ẹ̀, èlùbọ́ ló ń tà l'Ọ́jà'ba, kò jẹ́ kí n jókòó. Ó ní ẹnikẹ́ni láti mọ́ṣáláṣí yẹn ò gbọ́dọ̀ yọjú sílé òun, pé orúkọ tóun àti bàbá ọmọ sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ ni wọ́n fi ṣeré lórí títì. Mi ò rí i bá wí. Báwo la ṣe fẹ́ wọlé sí i báyìí?

Tẹ́là_Alẹ́ṣinlọ́yẹ́:
Ẹ má kó èèyàn lẹ́yìn lọ, ẹ má pè é ní ìpàdé, ẹ má sì jẹ́ kí ààfáà lọ kó tó jẹ́ pé ó fẹ́ lọ tọrọ àforíjìn. Kí ni ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe? Nǹkan tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kẹ́ ẹ bá lọ.

ÌyáÌbejì_Mọ́níyà:
Orí ẹ̀ pé sí ìṣirò gan-an. Òun ló kọ́ àwọn ìbejì mi nígbà kan kó tó di pé wọ́n fi í síṣẹ́ tí iṣẹ́ náà sì bọ́. Wáẹ́ẹ̀kì ń bọ̀, àwọn ọmọ ò sì mọ nǹkan kan níbẹ̀. Màá ní kí wọ́n gbé ìwé wọn lọ bá a lọ́la lẹ́yìn àsárì, màá fún wọn lówó táá gbà, a ò sì ní dárúkọ tẹ́tẹ́.